Òkúta Ẹnubodè Marlcombe

Dúró ná, ìwọ tí ò ń kàwé yìí. Bí ẹsẹ̀ rẹ kan bá wà nínú ilé tí èkejì sì wà níta, má tíì gbé e. Wo ohun tí o tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbọ́ ọ̀rọ̀ Hamlyn Tapscott, agbẹ́-òkúta ará Marlcombe, kí o tó wọlé.

Hamlyn kọ́ ilé tuntun, òkúta ni láti ìpìlẹ̀ dé ibi tí òrùlé ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ nínú rẹ̀ tó fi ṣàkíyèsí pé òkúta àtẹ̀wọlé ilé náà máa ń tutù. Òjò kò rọ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí ọ̀dá ti dá, koríko ti pọ́n, ẹrẹ̀ etí odò ti sán. Síbẹ̀, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ojú omi méjì á yọ lórí òkúta náà, róbótó róbótó, wọ́n á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Hamlyn fọwọ́ kàn án, ó tutù bíi yìnyín. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, òórùn aṣọ onírun tí òjò pa ló gbọ́. Ajá rẹ̀ kì í tẹ òkúta náà mọ́; ṣe ló ń fò ó bí ẹni ń fo ẹni tó sùn.

Thomasin ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún oṣù kẹsàn-án. Obìnrin méjì ti kú lórí ìkúnlẹ̀ ní abúlé náà lọ́dún yẹn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀: kí ìyá òun wá dúró ti òun. Opó ni Wilmot ìyá rẹ̀, ahéré rẹ̀ wà lódìkejì pápá ńlá. Láti ìgbà òtútù ọdún tó kọjá ni wọn kò ti gbúròó rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ebi ló lé e jáde, pé ó ti gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ ní Bodmin. Hamlyn ti rán àwọn tó ń fi ẹṣin kó ẹrù lọ síbẹ̀ níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èsì kò dé.

Níbo ni òkúta náà ti wá? Nígbà tí ọba sọ pé Póòpù kò ní àṣẹ lórí òun mọ́, tó sì rán àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n ti ilé àwọn mọ́ńkì pa, Hamlyn wà lára àwọn tí wọ́n háyà láti wó ti Marlcombe. Oníkálukú mú ohun tó wù ú. Ọ̀kan gbé òkúta pẹpẹ lọ, ó fi ń tẹ wàràkàṣì. Òmíràn fi aṣọ àlùfáà rán aṣọ ìkélé bẹ́ẹ̀dì. Òkúta ẹnubodè ni Hamlyn gbé. Orí rẹ̀ ni àwọn tálákà ti ń kúnlẹ̀ lọ́sàn-án gangan láti gba búrẹ́dì, láti ayé àwọn baba ńlá wọn, títí eékún wọn fi gbẹ́ kòtò méjì síbẹ̀. Dídán rẹ̀ ló wu Hamlyn. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ta ni ìbá bá a wí, nígbà tí Póòpù tó ń báni wí tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ nínú àdúrà?

Nígbà tí omi náà kò dáwọ́ dúró, ó lọ bá Àlùfáà Pascoe, arúgbó tó ti ka máàsì fún òkú abúlé náà fún ogójì ọdún.

“Ká ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lo wá,” bàbá náà rọra sọ, ó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, “ǹ bá ní ọkàn òkú kan ló ń tọrọ àdúrà, ká sì ka máàsì fún un. Lọ́dún tó kọjá, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ní Exeter pé kí n máa fi ẹ̀sọ̀ dárúkọ ibi ìwẹ̀nùmọ́ ọkàn òkú. Lọ́dún yìí, òmíràn tún dé.”

“Kí ni tọdún yìí wí, Bàbá?”

“Ó gùn, ọmọ mi. Mo kà á tán, mi ò tíì mọ̀ bóyá ó ní ibẹ̀ wà ni àbí kò sí.”

“Tó bá wá jẹ́ iṣẹ́ èṣù ńkọ́?”

“Omi mímọ́ là ń wọ́n sí èṣù tẹ́lẹ̀. Mò ń retí ìwé lórí ìyẹn náà.” Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn. “Hamlyn, ṣé o mọ òkú náà ni?”

Hamlyn ní rárá. Ó yá a lẹ́nu jù.

Bó ṣe ń lọ sílé, ó gbàdúrà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré, ó tún un gbà bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn báyìí, kò mọ èwo ló dé ọ̀run. Bóyá èkejì ń pa èkíní rẹ́ ni, kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń jẹun àárọ̀, Thomasin ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ọkọ mi, ò ń wo ilẹ̀ ṣáá bí ẹni tí eyín rẹ̀ já bọ́. Jẹ́ n sọ tèmi fún ọ, má kàn pè mí ní wèrè. Ẹnìkan máa ń kanlẹ̀kùn wa lọ́sàn-án. Bí mo bá ṣí i, n kì í rí ẹnikẹ́ni. Ó dà bíi ti Màmá mi: ẹ̀ẹ̀mẹta, ìkẹta á wá falẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ti ń tijú pé òun kanlẹ̀kùn rárá.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Hamlyn.

Ó ti gbọ́ ìkànkùn yẹn rí. Ní ìgbà òtútù tí wọ́n ń wó ilé àwọn mọ́ńkì, aṣojú ọba pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹnubodè, kí ẹnikẹ́ni má dá alágbe lóhùn, nítorí bí wọ́n bá rí búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní lọ mọ́. Hamlyn ni wọ́n ní kó fi ọ̀pá ìdábùú sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ẹnìkan kànkùn: ẹ̀ẹ̀mẹta, ìkẹta falẹ̀. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, òjò dídì sì ń rọ̀. Búrẹ́dì Hamlyn wà nínú àpò rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò mí. Ọjọ́ kẹta, ẹnikẹ́ni kò kànkùn. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí ẹnìkan lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ òjò dídì, aṣọ ti gan mọ́ ọn lójú. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e lọ sin. Hamlyn yíjú sí ògiri. Alágbe kan ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Alágbe pọ̀. Ó sì ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láti ìgbà náà wá.

Báwo ni ẹni tó mọ̀ ṣe lè máà mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn èèyàn rí, ará mi. Ó ní yàrá tí òun fúnra rẹ̀ kì í wọ̀.

Ó pinnu pé òun á yí òkúta náà dojú dé. Ṣebí kòtò eékún ló ń fa gbogbo rẹ̀; bí kòtò bá kọjú sí ilẹ̀, ibo ni wọ́n á kúnlẹ̀ sí? Ó mú ọ̀pá irin, ó ti í bọ abẹ́ òkúta, ó fi gbé e sókè. Oòrùn ti ń sún mọ́ àtàrí. Òkúta náà dìde, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Hamlyn wo abẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ wú.

Kòtò méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ̀yìn òkúta yẹn kó tẹ́jú kó tó gbé e sílẹ̀; ojú irin rẹ̀ ṣì wà káàkiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín, ojú irin ti parẹ́, òkúta ti dán, ó sì jìn bí eékún arúgbó. Ó rin. Bí ẹni pé ẹnìkan dorí kodò nínú ilẹ̀, tó ń kúnlẹ̀ mọ́ òkúta náà láti ìsàlẹ̀, tó ń retí.

Nínú iyanrìn tí òun tìkára rẹ̀ fẹsẹ̀ kì mọ́lẹ̀, àwo igi kan wà. Ó yọ ọ́. Igi ápù ni. Ó yí ìdí rẹ̀ padà, ó rí àmì iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ìlà mẹ́ta pẹ̀lú òbíríkítí, èyí tó fín sí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ kó tó gbé e fún ìyá ìyàwó.

“Hamlyn?” Thomasin ń pè é láti inú ilé. “Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?”

Ó lè ní kò sẹ́ni. Ó lè sọ pé alágbe kan ni.

“Ìyá rẹ ni,” ló wí.

Ó gbọ́ tí àga sún. Ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín tí kò gbọ́ láti ìgbà òtútù, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wúwo bó ṣe ń bọ̀. “Kí ló wá dé tí o jẹ́ kí wọ́n dúró síta? Màmá, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa dé kí n tó bímọ.”

Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu. Síbẹ̀ wọ́n kànkùn, ẹ̀ẹ̀mẹta, láti abẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ Hamlyn, ìkẹta sì falẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí Thomasin bá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó sún mọ́ ibẹ̀ kò fẹnu kò. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé lè dé láti Exeter lónìí, kí òmíràn takò ó lọ́la. Ebi ẹni tó kúnlẹ̀ kò yí padà, Ọlọ́run tó ń wò ó kò sì yí padà. Ìwọ tí ò ń kà á, o mọ ìkànkùn ẹni tí ìwọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, yí padà lónìí. Dìde, fa ọ̀pá ìdábùú yẹn yọ, mú búrẹ́dì dání, kí o sì ṣí i fún un nígbà tí eékún rẹ̀ ṣì wà lókè òkúta.