Ẹni Tí Ó Ń Wúkọ́ Nínú Àwo Orin

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò sì yọ egungun inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbà á gbọ́, kò sí ìjà, kí ó pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń wúkọ́ nínú ilé yín lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹni tó jẹ́.

Alágbàfọ̀ kan wà tí àdúgbò ń pè ní Ẹ-Dákẹ́-Ná. Orin ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Bí àwo bá ti ń yí lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tí oníbàárà bá wọlé tí ó ní, "Ẹ káàsán o," ọwọ́ kan ni alágbàfọ̀ máa nà sókè. "Ẹ dákẹ́ ná." Oníbàárà á dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ẹrù aṣọ, títí orin á fi parí, kó tó lè béèrè ṣòkòtò ara rẹ̀.

Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì ìlọṣọ wà lójú fèrèsé, áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, agolo sitáàṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀wù tó bá ti lọ tán, á fi kọ́ sórí okùn tó ta láti ògiri dé ògiri, wọn a sì dúró bẹ́ẹ̀, láìní orí, láìní ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ àwo wà ní kọ̀rọ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó bí ọmọ ìkókó. Lẹ́yìn kọ́tìnì ni yàrá inú. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí, tí á máa gán bọ́tìnnì tó já mọ́ ẹ̀wù. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti fò lọ. Àwọn méjèèjì ló kù. Ọkọ ń pe ìyàwó ní Ìyá Wọn, ìyàwó ń pe ọkọ ní Bàbá Wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn "wọn" náà kì í sábà wálé.

Ohun tó ń bí olólùfẹ́ orin nínú kì í tán. Eruku orí àwo ń bí i nínú. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá orin mu ń bí i nínú. Ẹni tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ orin nìkan, tó wá ń fi imú kọ ìyókù, ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó kórìíra ju gbogbo wọn lọ, kò sì fojú kàn án rí.

Àwo kan ló fà á. Inú gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀, níwájú èrò, nígbà tí olórin náà ṣì wà láyé. Orin tó kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ló ń fi í dágbére fún. Bó bá ku díẹ̀ kó parí, gìtá á dúró. Fèrè á dúró. Olórin á mí kanlẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́, tó fi jẹ́ pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Alágbàfọ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá lè fi ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ṣe ìrọ̀rí fún òun, òun ò ní jí mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹnìkan ti wúkọ́.

Ọkùnrin ni. Apá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló wà. Ó wú kékeré méjì, ó sì wá wú ẹyọ kan gígùn, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni olórin tó kọ ìlà tó kẹ́yìn.

"Ọ̀fun rẹ á gbẹ," alágbàfọ̀ á wí fún un. "Nínú gbogbo ọjọ́ ayé, o ò ríbi wúkọ́ sí, àfi ibẹ̀ yẹn."

Láti yàrá inú, ohùn ìyàwó rẹ̀ á jáde wá. "Pẹ̀lẹ́ o."

Ìyẹn tún ni ìbínú kejì. Obìnrin yìí kì í gbọ́ ikọ́ kó má kí oníkọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń kọjá lọ ní títì tó wúkọ́, pẹ̀lẹ́ o. Ewúrẹ́ wúkọ́, pẹ̀lẹ́ o. Àwo orin wúkọ́, kò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́ o.

"Ìyá Wọn, àwo ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹni yẹn á ti kú tipẹ́."

"Bó bá ti kú, ó yẹ lẹ́ni à ń kí pẹ̀lẹ́."

"Ṣé ó ń gbọ́ ọ ni?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bú u ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́ yín?"

Alágbàfọ̀ gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú ti ń bí i kó tó fi orin sí i rárá. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn ẹ̀wù oníbàárà kan, oníbàárà sì ti fi ọ̀rọ̀ jó òun náà. Ó gbé àwo náà sí i kí ara lè tù ú. Gìtá dúró. Fèrè dúró. Ọkùnrin yẹn wúkọ́.

Gbogbo ẹni tó ti jókòó gbọ́ orin rí ló mọ̀ pé ẹni tí ikọ́ bá ń dà láàmú, ìta ló ń lọ. Alágbàfọ̀ nàka sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí ẹni pé òun ni wọ́n fi ṣọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà.

"Ìwọ oníkọ́ yìí, dìde. Jáde síta."

Kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó sì mú áyọ́ọ̀nù padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi àwo náà sí i. Gìtá dúró. Fèrè dúró. Olórin mí kanlẹ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Ẹnikẹ́ni ò wúkọ́.

Olórin kọ ìlà tó kẹ́yìn, ó mọ́ gaara bí omi inú gíláàsì. Alágbàfọ̀ dúró, áyọ́ọ̀nù wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fi í sí i. Kò sí ikọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré lọ pe onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

"Wá gbọ́. Ikọ́ náà ti lọ."

"Ikọ́ wo?"

"Ikọ́ inú àwo."

Onígbàjámọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "O ti jẹun lónìí?"

"Mo ti jẹun."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́?"

Ó ṣáà tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì dúró ti ẹ̀rọ. Gìtá dúró. Fèrè dúró. Alágbàfọ̀ gbé ìka sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Lábẹ́ fèrèsé, níta, ẹnìkan wúkọ́. Kékeré méjì. Ẹyọ kan gígùn.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti inú.

"Oníbàárà rẹ kan ti dé," ni onígbàjámọ̀ wí. "Sọ fún un kó lọ wá nǹkan lò sí i."

Ẹ̀rín kúrò lójú alágbàfọ̀. Ikọ́ yẹn, bó ṣe mọ ohùn ìyá tó bí i ló ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Oòrùn bo gbogbo títì. Ajá kan sùn sábẹ́ ògiri, kò gbórí sókè. Kò sí ènìyàn kankan.

"Ó ti lọ nìyẹn," ni onígbàjámọ̀ wí. "O ti fi ẹ dákẹ́ ná lé e."

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, á gbé àwo náà pamọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí orin bá ti wọ̀ lára, kò gbọ́n. Ó fẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi orin sí i. Ikọ́ náà dún nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó dún láàárín àwọn ẹ̀wù orí okùn, apá ẹ̀wù funfun kan sì mì díẹ̀, láìsí atẹ́gùn. Ní gbogbo ìgbà, ìyàwó rẹ̀ ń kí i. Ní gbogbo ìgbà, ohùn obìnrin náà ń rọ̀ sí i.

"Ta lò ń kí?" ni ó bi í.

"Ẹni tó ń wúkọ́ ni. Ṣé kì í ṣe oníbàárà yín ni?"

Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Kò fi orin kankan sí i mọ́. Oníbàárà wọlé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí ọwọ́ rẹ̀. Kò nawọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òjò ṣú tí kò rọ̀, ilé sì dúdú kó tó tó àkókò, alágbàfọ̀ ń ká aṣọ. Ẹ̀rọ wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ.

Yàrá inú ni. Lẹ́yìn kọ́tìnì. Kékeré méjì, ẹyọ kan gígùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà," ni ìyàwó rẹ̀ wí, jẹ́jẹ́. "Ẹ mu díẹ̀ sí i."

Ó ká kọ́tìnì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, bọ́tìnnì lórí itan. Àga tó máa ń kó aṣọ sí wà níwájú rẹ̀. Aṣọ orí àga náà ti wà nílẹ̀, ó ká wọn dáadáa. Ó ti yí àga náà kọjú sí ara rẹ̀. Ife omi kan wà lórí rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti dé ìdajì, ó sì ń mì, bí ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀.

"Ta ló mu omi yìí?"

"Ọ̀fun rẹ̀ ló gbẹ."

"Ọ̀fun ta ni?"

Ó wo ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó ń béèrè ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. "Ó ní ẹ̀yin lẹ lé òun síta, òun ò sì mọ ibòmíràn. Ó ní láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó kí òun, àfi èmi."

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní ilẹ̀ ń ṣú. Ó ní ṣé n ó sin òun díẹ̀ sọ́nà."

"Kí lo wá sọ?"

"Bàbá Wọn, ṣé àlejò kan ti wá sílé yìí rí tí n ò sìn ín sọ́nà? Mo ní ẹ jẹ́ n gán bọ́tìnnì yìí tán."

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù lórí itan rẹ̀.

Alágbàfọ̀ gbá a lọ́wọ́ mú. Ó fà á jáde sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi í jókòó ti ẹ̀rọ, kò jọ̀wọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi ṣí aṣọ, ọwọ́ kan náà ló fi gbé abẹ́rẹ́ sórí orin tó kẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ họ àwo. Kò bìkítà.

"Padà síbi tí o wà tẹ́lẹ̀," ni ó wí sínú òkùnkùn yàrá. "Jọ̀ọ́. Àga rẹ ṣì wà níbẹ̀. Wúkọ́ bó ṣe wù ọ́. N ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó mi nìyí, òun nìkan ni mo ní. Òun kọ́ ló lé ọ."

Kọ́tìnì mì. Àwọn ẹ̀wù orí okùn mì, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ènìyàn ń gba àárín wọn kọjá bọ̀ wá síbi ẹ̀rọ. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó dì í mú gírígírí.

Gìtá dúró. Fèrè dúró. Olórin mí kanlẹ̀.

Ikọ́ náà dún. Inú àwo ni. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, níbi tó ti máa ń dún tẹ́lẹ̀.

Alágbàfọ̀ fẹ́ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n olórin kò tíì kọ ìlà tó kẹ́yìn. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ náà, láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wúkọ́, ohùn obìnrin kan wá, jẹ́jẹ́.

"Pẹ̀lẹ́ o."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ètè rẹ̀ pàdé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Olórin kọ ìlà tó kẹ́yìn, èrò pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀?"

"N ò sọ̀rọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ara rẹ̀ le. Ó ń gán bọ́tìnnì, ó ń jẹun, bí wọ́n bá pa á lẹ́rìn-ín, á rín. Ṣùgbọ́n kì í kí oníkọ́ mọ́. Ewúrẹ́ á wúkọ́, ènìyàn á wúkọ́ kọjá, kò ní gbójú sókè. Òtútù mú onígbàjámọ̀, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó wúkọ́ títí.

"Ìyàwó rẹ ti ń ṣe fáàrí o," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Àbí mo ṣẹ̀ ẹ́?"

Alágbàfọ̀ lọ bi í. "Ìyá Wọn, o ò kí ọ̀rẹ́ mi."

"Kí n kí i ní kí ni?"

Kì í ṣe pé ó ń bínú. Kò mọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ni.

Alágbàfọ̀ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó dákẹ́. Ẹ lè wọlé, ẹ lè sọ̀rọ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ lulẹ̀ bó ṣe wù yín. Lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á gbé abẹ́rẹ́ sórí orin tó kẹ́yìn, á tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ. Ikọ́ á dún. Pẹ̀lẹ́ o á tẹ̀ lé e. Á gbé abẹ́rẹ́ kúrò kí olórin tó dé ìlà tó kẹ́yìn.

Òjò ọdún yìí ni ikọ́ mú òun náà. Ó ń lọ ẹ̀wù kan lọ́wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ mú un. Ó wú kékeré méjì, ó sì wú ẹyọ kan gígùn. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lára aṣọ. Ó yíjú sí kọ́tìnì, ó dúró.

Yàrá inú pa lọ́lọ́.