Òdo Méjìlá Nínú Ìwé Òjò

Bí ẹ bá rò pé mo bù mọ́ ọn, ẹ lọ bi Tiyese. Oko rẹ̀ ló bá ti Mwiza pààlà, ojú rẹ̀ ló sì ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà létí adágún Màláwì ni Mwiza ń lọ, tòun ti Lusungu ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. Tíṣà Longwe fẹ́ kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, ó kó ìwé òjò àtijọ́ kan wá, èyí tí akọ̀wé ìjọ kan kọ ní 1931. Láràárọ̀, láago mẹ́jọ, ọkùnrin náà á wọn omi inú agolo, á kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n dà á kọ ni iṣẹ́ wọn.

"Ibi tó bá kọ òdo sí, ẹ kọ òdo," ni tíṣà wí. "Ibi tó bá ṣófo, ẹ fi sílẹ̀. Pé kò kọ ọ́, kò sọ pé òjò ò rọ̀."

Láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé ogúnjọ́, òfìfo ni. Ara Lusungu ń gbóná lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mwiza fẹ́ tètè lọlé. Ó rọ́ òdo méjìlá síbẹ̀.

"Ìyá Lusungu, ẹyin lò ń yé ni?" Tiyese, tí wọ́n jọ ń kàwé, ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ara ọmọ yá. Mwiza gbàgbé.

Ṣẹ́rẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù Tiyese. Páànù Mwiza dákẹ́. Ó jáde. Òjò dúró lẹ́nu ààlà, bí ẹni tí wọ́n ní kó má wọlé.

"Kí lo fi ṣe òjò?" Tiyese ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó dọjọ́ kẹrin, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ewé àgbàdo Mwiza ti ń ká. Òun sì ni oúnjẹ Lusungu títí ọdún á fi yípo.

Lọ́jọ́ kẹfà, ó rí ipa ẹsẹ̀ ọkùnrin lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó tutù. Ó ti ojú ọ̀nà wá dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí èyí tó padà.

Ó sáré lọ jẹ́wọ́ fún tíṣà. Tíṣà mú ìwé akọ̀wé náà. Ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sétí ìwé: *Òjò rọ̀ lọ́jọ́ méjèèjìlá. N kò ráyè wọ̀n ọ́n. Ọmọ mi ni mo gbé kiri.*

"Ara ọmọ mi ló ń gbóná, tíṣà."

"Ti òun náà ni."

Mwiza pa òdo méjèèjìlá rẹ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìwé mọ́ nigín.

Ilẹ̀ mọ́. Òjò ń pariwo lórí páànù Tiyese. Ti Mwiza dákẹ́. Aago mẹ́jọ lù. Ẹnì kan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi ń kán lára rẹ̀, tó, tó.

"Bàbá akọ̀wé, mo ti pa á rẹ́. Ẹ forí jì mí."

Lusungu ń sùn láyà rẹ̀. Níta, ọmọ kan húkọ́.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ipa ẹsẹ̀ tutù nìkan ló wà níbẹ̀, àti àgbàdo tó ti kú.