Ẹ Má Fún Mi ní Áyọ́ọ̀nù Yẹn

Ọ̀sán ọjọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ kan, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé jẹ́jẹ́. Ó tàn sórí àwọn aṣọ tí aránṣọ náà ò tíì rán tán, gbogbo yàrá sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń lálàá. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún aránṣọ. Áyọ́ọ̀nù tuntun tó rà ló gbiná mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń lọ aṣọ oníbàárà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe áyọ́ọ̀nù yín ló rán mi. Èmi ni mo ń yẹ ọjà wò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n fún yín ní tuntun yìí, kí n sì gba èyí tó jó yín."

Aránṣọ dìde láti lọ mú un. Ojú ọkùnrin náà bọ́ sára báńdéèjì yẹn, ó sì nawọ́ dá a dúró.

"Ẹ má fún mi," ó wí. "Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, àfi adájọ́. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín ti gba ẹjọ́ yín lọ nìyẹn."

"Kí wá lẹ máa sọ fún ọ̀gá yín?"

"Màá ní alágídí lẹ̀ ń ṣe."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí iná ti jó o.

Ọkùnrin náà tún padà wá, ó sì ń wá ṣáá. Òun ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́, tí yóò máa kun orin ìsìn lábẹ́lẹ̀, ọkàn aránṣọ a sì fúyẹ́ bí ìkùukùu òwúrọ̀. Ìfẹ́ ti wọlé.

Ìyá aránṣọ ò fẹ́ gbọ́. "Ṣé ọkùnrin tán láyé ni? Ilé iṣẹ́ tó jó ọ lọ́wọ́ lo fẹ́ fẹ́?"

"Màámi, òun kọ́ ló ṣe é."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dọ́jà? Àbí ojú ń dùn ún lọ́jọ́ náà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Ó bi olólùfẹ́ rẹ̀.

"Mo rí i," ó dáhùn. "Rọ́bà tó bo wáyà níbi ìdìmú rẹ̀ ò nípọn tó. Mo sọ fún ọ̀gá, ó ní kí n jẹ́ kó lọ. Mo dákẹ́, olólùfẹ́ mi, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi."

Aránṣọ fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́. Bí o ò bá lè sọ ọ́, má padà wá síbí mọ́." Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, ó gbàdúrà pẹ̀lú omijé.

Lọ́yà aránṣọ, tó bá a pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ti ṣàlàyé fún un: bí ọjà bá ti lábùkù kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, onítọ̀hún ni yóò dáhùn fún ìpalára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kóòtù, ilé iṣẹ́ náà ní obìnrin yìí ló jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi bàjẹ́.

Ọkùnrin náà bọ́ síwájú. "Kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Pẹ̀lú àbùkù yẹn la gbé e jáde. Mo mọ̀, ọ̀gá mi náà sì mọ̀."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ti jẹ́rìí, àwọn ará ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, kò sáyè fún un mọ́. Ó dúró láàárín gbọ̀ngàn bí ẹni tí kò nílé.

Ìyá aránṣọ gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì tiwọn.

"Ìwọ tí ò níṣẹ́ mọ́ yìí," ó wí, "wá jókòó ti ìyàwó rẹ."

Ó jókòó. Aránṣọ rọra gbé ọwọ́ tó jóná náà lé e lọ́wọ́, ayé sì lọ jìnnà réré sí i. Nígbà tí adájọ́ dá aránṣọ láre, ìyá rẹ̀ ló fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un kó tó mọ̀.