Ọgbọ̀n Wákàtí Lórí Bátìrì Òfìfo

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi Ìyá Oníná. Obìnrin yẹn kì í sọ ohun tí mítà rẹ̀ ò bá sọ.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ń tú, ó ń tò, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ohun tó sì máa ń bí i nínú jù ni oníná tó máa wọlé onílé, tí kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń lò, tí á kàn na ìka sókè pé bátìrì méjì ti tó.

Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe iná bátìrì ilé tíṣà kan. Ó ka gílóòbù, ó ka fáànù. Ẹ̀rọ tó ń fún bàbá tó bí tíṣà ní atẹ́gùn, tó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tọ̀sán-tòru, kò kà á. Ojú rẹ̀ fọ́ ni? Láìsí ẹ̀rọ yẹn, bàbá náà ò lè lo ìdajì wákàtí.

Nígbà tí tíṣà pè é, Ìyá Oníná ṣe ìṣirò sórí páálí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fa bátìrì méjì náà gbẹ, wákàtí mẹ́rìnlá, ó pin. Ó ní òun ń kó mẹ́rin tuntun bọ̀ lọ́la.

Lọ́la ọ̀hún, àgbàrá gbé afárá lọ. Iná lọ láàárọ̀. Fóònù ò wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mọ́tò tó ráyè gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ọgbọ̀n wákàtí. Ó ti mọ ohun tí òun máa bá. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń wá ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ fún tíṣà.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ọ. Hùùn. Hùùn.

Bàbá jókòó, rọ́bà wà nímú rẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Tíṣà ní àtàná lòun ti ń retí kí ẹ̀rọ náà kú. Kò kú.

Ìyá Oníná ṣí àpótí bátìrì. Ó fi mítà kàn án. Òdo. Ó fi kan tuntun tó gbé wá, mítà sọ̀rọ̀ dáadáa. Wáyà tó so méjì àtijọ́ pọ̀ ti já bọ́. Ó fọwọ́ lé wọn. Wọ́n tutù. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nǹkan kan ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí àyà ẹni tó ń mí.

“Bàbá, kí ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ?”

“Ó ní òun ò lè ṣe é títí. Ó ní kí n ṣe sùúrù, ẹni tó mọ ìṣirò ń bọ̀.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Ó so mẹ́rin tuntun pọ̀. Ó yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹta. Bí òun bá tú ti àtijọ́, tí ohun yẹn lọ, tí tuntun ò sì tètè gbà á ńkọ́? Bàbá náà mi orí sí i pé kó ṣe é. Ó tú wáyà méjì tó lọ sí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ò dúró. Wáyà méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò kan nǹkan kan, ẹ̀rọ ń kùn. Tíṣà rí i.

Ó so wọ́n mọ́ tuntun. Nínú àpótí, nǹkan kan mí kanlẹ̀, bí aláàárù tó sọ ẹrù. Bàbá dijú, ó sùn.

Ọkùnrin méjì ló gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan bátìrì àtijọ́ yẹn wọlé níjọ́ kìíní. Ìyá Oníná ṣakin, ó gbé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó kó wọn lọ sínú mọ́tò.

Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dòní. Kò so wọ́n mọ́ iná rí. Oṣooṣù ló ń gbé wọn wò.

Wọ́n ti ń wúwo padà.