Ẹni Tó Gbé Maìkì fún Ìyá Rẹ̀

Orí àkàsọ̀ ni oníṣẹ́ iná wà, wáyà lẹ́nu, sípíkà lọ́wọ́, nígbà tó kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Akọ̀wé ilé aṣòfin ni. Ó jókòó nísàlẹ̀ àga olórí ilé, ìka rẹ̀ ń rọ̀ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí òjò orí páànù, ojú rẹ̀ kò sì sí lára ohun tó ń tẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni ojú náà ń wò.

"Bùrọ̀dá," ni akọ̀wé wí, "bí ẹ bá já bọ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀ o. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbí ni mò ń kọ."

"Ẹ má gbàgbé láti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ fà á."

Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò sí sípíkà kan nínú gbọ̀ngàn yẹn tí kì í ṣàìsàn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ọ̀sán pọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Akọ̀wé ń pè é ní Ọ̀gá Iná, òun náà ń pè é ní Adúmáadán. Ìfẹ́ wọn dùn, ó rọrùn, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ bàbá akọ̀wé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ilé-ìwé wo lo lọ, ọmọ mi?"

Oníṣẹ́ iná kò jókòó ní kíláàsì rí. Èémí kì í délẹ̀ fún un ní kékeré; orí ibùsùn ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìwé, ìṣirò àti àdúrà, tó ń fi oríkì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó ń fi òwe tọ́ ọ sọ́nà. Ó wo àwọn ìwé ẹ̀rí tí bàbá fi kọ́ ara ògiri. Ojú tì í. Ó dárúkọ ilé-ìwé ńlá kan, bàbá sì mi orí tayọ̀tayọ̀. Irọ́ a máa tanná; kì í so.

Kò pẹ́, àbá òfin tuntun dé: òbí tó bá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí àwọn aṣàbẹ̀wò sì máa wọlé wò ó. Ẹni tí kò bá kúnjú ìwọ̀n, wọ́n á kó ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé tipátipá. Wọ́n ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Oníṣẹ́ iná ni wọ́n ní kó máa gbé maìkì fún ẹni tó bá dìde.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn pátápátá. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ṣì ń kọ́ àwọn àbúrò oníṣẹ́ iná, obìnrin méjì, nílé.

Ó gbé maìkì lọ bá a. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó wo akọ̀wé tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ láti iwájú, ó wo bàbá akọ̀wé, tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àbá náà, tó jókòó nítòsí. Ó yé e pé ọmọ òun kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ni ó wí.

Ọ̀gá. Ìyá tó bí i lọ́mọ ló pè é bẹ́ẹ̀.

Aṣòfin kan bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ti kọ́ ẹnì kan nílé rí tó di èèyàn?"

"Ọ̀kan wà, sà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára."

"Kó dìde ká rí i."

Ìyá fi ọwọ́ tirẹ̀ di maìkì mú. "Kò lè wá. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́ iná ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ kò sì lanu.

Nígbà tí wọ́n túká, ó jẹ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. "Obìnrin tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn, ìyá mi ni. Òun ló kọ́ mi. Mi ò lọ ilé-ìwé kankan."

"Èmi náà rẹ́rìn-ín. O sì jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín."

"Ojú ló tì mí. Bàbá rẹ—"

"Ti bàbá mi ṣì kéré. Bí ojú ìyá tó bí ọ bá tì ọ́, ọjọ́ wo ni ojú tèmi kò ní tì ọ́?" Ó dìde. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Bó ṣe rí akọ̀wé lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó yára tún ojú ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ṣé kò sí láburú o?"

Ó ṣì ń bò ó láṣìírí. Orúnkún oníṣẹ́ iná kanlẹ̀. "Màámi, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti sọ fún un. Ẹ forí jì mí."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ojú mi ń tì ọ́," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Mo kàn ń gbàdúrà pé kí n má di ìdíwọ́ fún ọ ni."

Akọ̀wé ló sọ̀rọ̀. "Màmá, lọ́la ló ń lọ sọ òótọ́ fún bàbá mi. Ẹ̀yin náà á bá wa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí wọ́n bá lé wa síta ńkọ́?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ máa wà níta, mà."

Ìyá yíjú sí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ sún síbẹ̀ yẹn. Ìyàwó wa fẹ́ jókòó."