Ẹni Tó Ń Pe Àṣàkẹ́

Ní ọjọ́ tí Ọmọ́ṣaléwá jọba ní Ìdóṣù, láyé tí ojú kò tíì rí ìbọn, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i.

Ogun ti pa àwọn arákùnrin Ọmọ́ṣaléwá tán. Òun ló kó ìyókù ọmọ ogun jọ tó lé ọ̀tá sọdá odò, ni àwọn ìjòyè tó ń yínmú sí obìnrin bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní sányán, wọ́n fi ẹ̀gbà idẹ sí i lọ́wọ́. Àmọ́ òfin ìkà kan wà níbẹ̀: ọba kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìyá ọba kò gbọdọ̀ wà láàyè.

Ọmọ́ṣaléwá fẹ́ kúnlẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ oyè yìí."

Ìyá gbá a mú lápá. "Ta ni yóò wá gba ìlú? Ẹ dìde, Kábíyèsí. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́."

Kò kúnlẹ̀. Ìyá wọ ìyẹ̀wù lọ, kò jáde mọ́. Ìlú tòrò, ọba gbó, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà: "Àṣàkẹ́!" Oríkì rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ nìkan ló sì máa ń fi pè é. Kò dá a lóhùn rí títí ó fi wàjà.

Ìran rẹ̀ lóde òní ni Fadékẹ́mi, tó ń kàwé ní Hamburg ní Jámánì, tí òun àti ìyá rẹ̀, Ìbíwùmí, jọ ń gbé ní àdúgbò Wilhelmsburg. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wàjà ní Ìdóṣù, àwọn ìjòyè pè é lórí fóònù pé òun ni oyè kàn. Ó wù ú. Ta ni adé kì í wù? Wọn kì í pa ìyá ọba mọ́ láyé ọ̀làjú. Wọ́n kàn ní ìyá àti ọmọ kò gbọdọ̀ fojú kanra mọ́ láéláé. Àánú wọn mà pọ̀ o!

Fadékẹ́mi fẹ́ kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Hamburg. "Mọ́mì, mo lè sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́."

"Kí àwọn tó ní obìnrin ò lè jọba wá máa fi wá rẹ́rìn-ín? Láéláé! Dìde, má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Zug mi ti fẹ́ lọ."

Ìbíwùmí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Hellersdorf. Fadékẹ́mi dúró sí Hauptbahnhof, ó ń sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe ń di ẹrù àtilọ sí Ìdóṣù, ó gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì: "Àṣàkẹ́!" Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Àbẹ̀ní ni oríkì tirẹ̀, gbogbo ọmọ ìdílé wọn ló sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́. Ohùn náà tún pè, jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń wá ọmọ.

Fadékẹ́mi mọ̀ pé ọba tó bá kúnlẹ̀ ti sọ adé nù. Ó kúnlẹ̀ lórí táìlì tútù.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi," ló wí. "Ẹ káàárọ̀ o."

Ohùn náà kò pè mọ́. Ó mú fóònù, ó pe Hellersdorf.

"Mọ́mì, ẹ má tíì tú ẹrù yín. Mò ń bọ̀ wá mú yín."