Iṣẹ́ Ìjókòó Ìyàwó Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá sùn lọ́sàn-án gangan, kò jí mọ́. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sunkún. Ìyá rẹ̀, ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà, fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mẹta kó tó figbe ta. Ẹyẹ dúdú kan bà sórí páànù. Bóyá ẹyẹ lásán ni. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ.

Ọmọ tó ṣẹ́kù ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀. Kì í jókòó. Ṣe ló ń sáré yí ilé po bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ìyàwó, tó ń ṣiṣẹ́ nílé tábà níbi tí wọ́n ti ń so ewé rọ̀ kó gbẹ, tún lóyún, àdúgbò ti wí tiwọn: ìyá ọkọ ló ń jẹ ọpọlọ àwọn ọmọ.

Àbúrò ìyàwó kò fi bò. "Ìyá, mo rí yín láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin àti àwọn arúgbó mẹ́ta lẹ́yìn ilé tábà. Ìpàdé kí ni?"

"Ìpàdé orúnkún tó ń dùn wá ni. Ṣé o fẹ́ wọ ẹgbẹ́?"

"Ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀! Ta ló bẹ ọ̀gá ibẹ̀ kó fi ẹ̀gbọ́n mi sídìí ewé?"

"Èmi ni. Ṣé kí aláboyún máa ru ẹrù ni? Iṣẹ́ ìjókòó ni mo bẹ̀ fún un."

Gbẹ́nàgbẹ́nà kò lè wojú ìyá rẹ̀. "Ìyá, ẹ dákun. Kí oyún yìí lè dúró. Tá a bá ti ọsibítù dé, kí n má bá yín nílé."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí di ọwọ́ ìyàwó mú. Ọwọ́ náà dúdú, ó ń lẹ̀. "Kí lo fi ń ṣe?"

"Ewé tábà tútù ni. A máa ń kó o lé itan, a ó tì í mọ́ ikùn, a ó máa so ó mọ́ igi. Ìgbà tí mo bá lóyún nìkan ni wọ́n ń gbé mi síbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fi omi fọ ọwọ́ náà. "Oró tábà ń gba awọ ara wọlé. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì lè ṣe ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù léṣe. Mo rí i nínú káàdì rẹ pé ọmọ kan kú; mi ò lè búra pé òun ló pa á. Ṣùgbọ́n má padà síbẹ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà, tó dúró tì wọ́n, sáré délé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ti wà lórí.

"Ìyá, ẹ má lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin. Tábà ni."

Ó ṣàlàyé. Ìyá sọ ẹrù kalẹ̀. Kò wọlé. Ó kọjú sọ́nà ilé tábà.

"Ibo lẹ tún ń lọ?"

"Aláboyún márùn-ún ló wà lórí ìjókòó yẹn."

"Wọ́n á ní àjẹ́ dé o!"

"Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀," ni ìyá wí, ó ti ń sáré. "Kí wọ́n ṣáà dìde."